Ìwé Kì Í So Yìgì, Ìwé Ní Í Jẹ́rìí Rẹ̀



Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn kò gùn. Yìgì tí a so níṣojú ààfáà àti ẹbí, tí orúkọ rẹ̀ kò sí ní ọ́fíìsì ìjọba kankan, ṣé ó dúró lábẹ́ òfin Ìsìláàmù? Ó dúró. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni ẹ fẹ́ gbọ́, a lè ṣe àdúà ká túká. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi jókòó díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti gba ìdáhùn yẹn nílé kéwú, tó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, tó sùn lé e lórí títí ọlọ́jọ́ fi dé, tó wá fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn mọ̀lẹ́bí láti máa bi í pé, "Ìwọ, ta ló gbé ọ wọlé?"

Ohun tó gbé yìgì ró

Ìlànà Máálíkì ni àwọn ààfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé láti ayébáyé. Ìwé Rísálà, tí Ibn Abi Zayd ará Qayrawan kọ ní ọ̀rúndún kẹwàá, wà lára ohun tí ọmọ iléékéwú máa ń kà kó tó di ẹni tí a ń pè ní ààfáà. Ohun tí ìlànà yìí là kalẹ̀ kò ta kókó. Kí wálíyù wà, ìyẹn bàbá ọmọbìnrin tàbí ẹni tó dúró sí ipò bàbá. Kí sàdáákì wà, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ọkọ ń san fún ìyàwó, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin owó wúrà dínárì kan. Kí ẹlẹ́rìí méjì tó jẹ́ olódodo wà. Kí ìhà kan fi lọ̀, kí ìhà kejì gbà. Kí ohun ìdènà má sì sí, bí ìbátan tó súnmọ́ jù, ìddà, ìyẹn àkókò tí obìnrin fi ń dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ikú ọkọ, tí kò tíì pé, tàbí ìyàwó tó sọ tilé di márùn-ún. Àwọn ọmọlẹ́yìn Hánáfì gbà pé obìnrin tó ti dàgbà lè fi ara rẹ̀ fọ́kọ láìsí wálíyù; ti àwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, kò sí akọ̀wé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òǹtẹ̀ ìjọba. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tó lè pe yìgì àwọn bàbá wa ní àgbèrè nítorí pé wọn kò ní sátífíkéètì. Ìwé kì í so yìgì. Ẹni méjì tó bá sì kọ orúkọ sínú ìwé ńlá ìjọba, tí kò sí wálíyù, tí kò sí sàdáákì, ìwé nìkan ni wọ́n ní lọ́wọ́. Lójú Máálíkì, wọn kò tíì so yìgì. Ọ̀rọ̀ náà lójú méjì, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi ojú kan ṣoṣo wò ó.

Ẹlẹ́rìí ni ìwé àwọn bàbá wa

Kí ni iṣẹ́ ẹlẹ́rìí níbi yìgì? A kò pè wọ́n wá jẹ ìrẹsì. A pè wọ́n kí ọ̀rọ̀ náà má bàa kú mọ́ ẹnu tọkọtaya. Bí ọkọ bá sẹ́, wọn yóò sọ̀rọ̀. Bí ọkọ bá kú, wọn yóò sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ọmọ ní ọmọ àlè, wọn yóò dìde. Ìmáàmù Máálíkì kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá: yìgì tí a so, tí a wá bẹ ẹlẹ́rìí pé kí wọ́n pa á mọ́ sínú, kí ìyálé má gbọ́, yìgì bòńkẹ́lẹ́ ni, ìlànà Máálíkì sì ní kí a tú u ká. Òun náà ló fà á tí ẹ̀sìn fi fẹ́ kí á lu ìlù, kí á se oúnjẹ, kí àdúgbò gbọ́. Ohun tí Ṣàríà ń wá ni kí ìgbéyàwó hàn gbangba, kí ẹ̀rí rẹ̀ má sì ṣòro rí.

Nígbà tí gbogbo wa ń gbé agboolé kan náà, ẹnu tó. Ẹni tó jẹ́rìí yìgì rẹ, òun lẹ ó tún jọ kí Jímọ̀ ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ilé rẹ̀ kò sì ju ìnà igi ìṣáná lọ sí tìrẹ. Lóde òní ńkọ́? Ọkọ wá láti Ìsẹ́yìn, ìyàwó wá láti Ìjẹ̀bú, Èkó ni wọ́n ti pàdé. Ọ̀rẹ́ ọkọ kan àti àbúrò bàbá ìyàwó ló jẹ́rìí. Nígbà tó fi máa pé ogún ọdún, ọ̀rẹ́ ti kó lọ sí Kánádà, àbúrò bàbá ti dágbére fáyé, ààfáà tó so yìgì ti kúrò ní mọ́ṣáláṣí náà. Fídíò wà o, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí àti onífújì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí Ṣàríà ní ká ní, a ní wọn lóòótọ́. Ọjọ́ tí a nílò wọn ni a kò rí wọn.

Níbi yìí ni ìwé ti wọlé. Kì í ṣe àjèjì nínú ẹ̀sìn. Ẹsẹ̀ tó gùn jù lọ nínú Àlùkùráánì, ẹsẹ̀ 282 nínú Súrà Bákárà, orí gbèsè ló dá lé: ó pàṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé fi òdodo kọ ọ́, kí á sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Sàdáákì tí ọkọ ní òun yóò san níwájú, gbèsè ni lọ́rùn rẹ̀, yóò sì wà lórí ogún rẹ̀ bó bá kú láì san án. Nítorí náà ẹsẹ̀ yẹn kan ilé ọkọ gan-an. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà ìwáṣẹ̀ mọ èyí. Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni a ti rí ìwé àdéhùn ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Íjíbítì, lórí páápírọ́sì, tó sọ iye sàdáákì, iye tí a san lójú ẹsẹ̀, iye tó kù, àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe ìjọba òyìnbó ló ń ṣàkóso ibẹ̀ ní ìgbà náà. Ẹni tó bá ń sọ pé ìwé ìgbéyàwó jẹ́ àṣà àwọn kiriyó, kó lọ tún ìtàn kà.

Bí ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ṣe ṣe é

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká rìn dé ibòmíràn.

Ní Íjíbítì, òfin kan jáde ní 1931. Kò sọ pé yìgì tí kò ní ìwé ti bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé bí ẹnì kan bá sẹ́ ìgbéyàwó, adájọ́ kò ní gbọ́ ẹjọ́ tó tara rẹ̀ jáde àyàfi tí ìwé ìjọba bá wà. Ẹ rí ọgbọ́n ibẹ̀: wọn kò fọwọ́ kan ohun tó wà láàárín ẹrú àti Ọlọ́hun, ilẹ̀kùn kóòtù ni wọ́n tì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a tì náà ṣe obìnrin púpọ̀ léṣe. Ẹni tí ọkọ sá lọ kò lè rí ìkọ̀sílẹ̀ gbà, nítorí pé lójú kóòtù kò ní ọkọ. Ó di ọdún 2000 kí òfin tuntun tó gbà pé kí ẹni tó bá ní ìwé kankan lọ́wọ́, ì báà má jẹ́ ti ìjọba, lè fi béèrè ìkọ̀sílẹ̀.

Ní Pakistan, òfin ọdún 1961 ní kí á fi orúkọ gbogbo yìgì sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé tí ìjọba yàn. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò jìyà, ṣùgbọ́n yìgì rẹ̀ kò bàjẹ́. Ní Mòrókò tí wọ́n jẹ́ Máálíkì bíi tiwa, òfin ìdílé ọdún 2004 fi ìwé àdéhùn ṣe ẹ̀rí tí kóòtù ń gbà. Wọ́n fún àwọn tó ti gbéyàwó láìsí ìwé ní ọdún 5 láti wá jẹ́rìí ara wọn, wọ́n sì sún un síwájú títí di 2019, nítorí pé àwọn ará òkè àti ará oko kò tíì tán.

Ilẹ̀ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Ibi tí ẹnu wọn ti kò ni pé alákòóso ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ ohun tó bá dáàbò bo ará ìlú, tí kò bá ti lòdì sí ẹ̀sìn. Màsìláhà ni àwọn ààfáà ń pè é, ire gbogbogbòò.

Ìwé tiwa ní Nàìjíríà

Tiwa wá ńkọ́? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a máa ń sọ fún ọmọ wa tó fẹ́ gbéyàwó: "Lọ gba ìwé." Ìwé wo? Ìwé kì í ṣe ọ̀kan.

Ìwé kan wà tí mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ń fúnni lẹ́yìn yìgì. Ó dára, ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ ọ́ yàtọ̀ láti mọ́ṣáláṣí kan sí èkejì, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní ẹ̀dà tí a tọ́jú. Ìwé kejì ni ti régísírì, tó ti inú Òfin Ìgbéyàwó ọdún 1914 jáde. Èyí ni ẹ́ḿbásì àti ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń béèrè, òun náà ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń lọ buwọ́ lù ní Ọjọ́bọ̀ kí yìgì tó wáyé ní ọjọ́ Sátidé. Mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí ohun tí ìwé yẹn ń sọ.

Ó ń sọ pé ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹsẹ̀ 35 nínú òfin náà ní ẹni tó bá ti buwọ́ lu ìwé yìí kò lè fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó náà bá wà. Ẹsẹ̀ 47 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ń dúró de ẹni tó bá ṣe é. Ní 1998, nínú ẹjọ́ Alkamawa v. Bello, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin Ìsìláàmù kì í ṣe òfin ìbílẹ̀, àwọn lọ́yà sì lè jiyàn lórí ìyẹn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àdéhùn tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe ń bẹ nínú ìwé síbẹ̀, Ànábì sì ti kọ́ wa pé Mùsùlùmí kì í yẹ àdéhùn tó fọwọ́ sí.

Ìwé yẹn tún ń sọ bí ìgbéyàwó yóò ṣe tú. Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1970 lórí ẹjọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ lè kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nílànà Ṣàríà, kí obìnrin náà ṣe ìddà rẹ̀ pé, kó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Lójú ẹ̀sìn, ìyàwó ọkọ tuntun ni. Lójú ìwé régísírì, ilé ọkọ àkọ́kọ́ ló ṣì wà.

Ó tún ń sọ̀rọ̀ lórí ogún, ibẹ̀ ló sì máa ń dun ẹbí jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan. Lẹ́yìn tí a san gbèsè tán, ó ku ₦7,200,000. Nílànà Ṣàríà, ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ₦900,000. Ìyá gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ₦1,200,000. Ọmọkùnrin gba ₦3,400,000, ọmọbìnrin gba ₦1,700,000. Ṣùgbọ́n bó bá ti buwọ́ lu ìwé régísírì, tí kò sì ṣe wásìyà, ìyẹn ìwé ìhágún, òfin ogún ọdún 1959 ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí àwọn ìpínlẹ̀ wa jogún ni yóò pín in. Yàtọ̀ sí ẹrù ilé tí ìyàwó yóò kọ́kọ́ mú, yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ₦2,400,000. Ọmọ méjèèjì yóò pín èyí tó kù lọ́gbọọgba. Ìyá tó bí olóògbé kò ní gba kọ́bọ̀.

N kò sọ pé kí ẹ má lọ sí régísírì. Obìnrin tó bá fẹ́ kí ọkọ òun jẹ́ tòun nìkan lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, ọkùnrin tó bá gbà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á má ṣe buwọ́ lu ìwé nítorí físà, kí á wá máa fi ẹ̀sìn sá fún ohun tí a buwọ́ lù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá sì ti buwọ́ lù ú, kó ṣe wásìyà, kó sọ níbẹ̀ pé bí Ṣàríà ṣe pín ogún ni kí wọ́n pín ti òun. Ìwé ló ń tún ohun tí ìwé ṣe ṣe.

Ẹjọ́ kan láti Èkó

Àwọn àgbà wa ti rí irú èyí rí. Ní 1900, kóòtù Èkó dá ẹjọ́ kan tí àwọn lọ́yà ń pè ní Asiata v. Goncallo. Wọ́n kó ọkùnrin Yorùbá kan lẹ́rú lọ sí Brazil. Níbẹ̀ ló ti fẹ́ obìnrin kan nílànà Ìsìláàmù, wọ́n sì tún ṣe ti kiriyó mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó, ó fẹ́ ìyàwó kejì nílànà Ìsìláàmù, ti àkọ́kọ́ sì wà láyé. Ó kú, ìjà ogún bẹ́ sílẹ̀. Ṣé ti kiriyó tí wọ́n ṣe lókè òkun kò ti sọ ìyàwó kejì di asán, tó sì sọ ọmọ rẹ̀ di aláìlẹ́tọ̀ọ́? Kóòtù ní rárá, ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún bàbá rẹ̀.

Inú wa lè dùn sí ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú wò: ẹbí ló ń rojọ́ lórí ìgbéyàwó tí bàbá ṣe nígbà tó wà ní oko ẹrú. Bàbá ti kú, ẹnu rẹ̀ ti pa dé. Ẹni tó bá sì ṣe irú rẹ̀ lábẹ́ òfin 1914 lónìí kò lè ní òun kò mọ̀: òfin náà ti sọ tẹnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú ọba

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Yìgì tí a so ní Nàìjíríà, tó sì bá òfin ibí mu, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbà á. Ẹ̀rí rẹ̀ ni wọn yóò béèrè. Ṣùgbọ́n yìgì tí a so ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ní pálọ̀ tàbí ní gbọ̀ngàn, tí kò gba ọ̀nà tí òfin ibẹ̀ là sílẹ̀, kò jẹ́ nǹkan kan lójú kóòtù wọn. Ní 1998, tọkọtaya kan so yìgì ní ilé oúnjẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ ṣèlérí pé àwọn yóò ṣe ti ìjọba tó bá yá. Kò yá. Wọ́n bí ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí ilé tú, tí ẹjọ́ náà, Akhter v. Khan, dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní 2020, àwọn adájọ́ ní ohun tí wọ́n ṣe kò tilẹ̀ tó ohun tí a lè pè ní ìgbéyàwó tó bàjẹ́. Ìyàwó tí òfin kò bá mọ̀ ní ìyàwó kò lè bá ọkọ pín ohun ìní bí aya. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín: ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ṣe méjèèjì. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan sí "tó bá yá."

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ọ̀nà kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an, tí kì í ṣe ti 1914. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, níbi tó ti ka àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, yọ ìgbéyàwó Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin lé e. Òfin kan náà ka fífi orúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ìbí àti ikú. Kò sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù bó ṣe wà ní Ìlọrin, a sì ti jiyàn lórí ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kí káńsù ní ìwé tí a ń kọ yìgì sí, kò béèrè irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni kí á kọ ìwé, kí á tẹ̀ lé e, kí á má sì sinmi.

Kí ìjọba tó dáhùn, iṣẹ́ wà nílé. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà. Kí á kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó, ọjọ́ orí wọn, orúkọ wálíyù, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹlẹ́rìí, iye sàdáákì, èyí tí a san àti èyí tó kù. Kí á kọ ọ́ bí ọkọ bá ní ìyàwó mìíràn, nítorí pé ibẹ̀ ni yìgì bòńkẹ́lẹ́ máa ń sá pamọ́ sí. Kí á ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan fún ìyàwó, kí á fi lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe kí á ní ọkọ yóò bá a tọ́jú rẹ̀. Kí á sì kọ ìkọ̀sílẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì nínú Súrà Tọ́láàkì ní kí á pe ẹlẹ́rìí olódodo méjì sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu tí ń kọ obìnrin lórí fóònù ní òru kì í pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó láti ọdún pípẹ́, ẹ kò ní láti so yìgì míràn. Yìgì yín dúró. Ẹ̀rí rẹ̀ ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ pe àwọn tó jẹ́rìí tí wọ́n ṣì wà láyé, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí á kọ ọ́, kí wọ́n búra sí i ní kóòtù.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, kí tọkọtaya bi ara wọn léèrè: ta ló jẹ́rìí yìgì wa, níbo ni wọ́n wà báyìí? Bí ẹ bá rí méjì kà, ẹ dúpẹ́. Bó bá ku ẹnì kan, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la ṣú kí ẹ tó wá a lọ pẹ̀lú bébà àti bírò.